Kọfí Alàgbà Òjélàbí

Kọfí ní í kọ́kọ́ kan Alàgbà Òjélàbí lẹ́nu láràárọ̀. Bó bá mu ún tán, á ju ọ̀rá rẹ̀ àti ife oníke sínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, á ní, "Bàbá Mojí, ẹni da eérú leérú ń tọ̀ o."

"Fi mí lọ́rùn sílẹ̀, àgbàrá á gbé e lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ńlá dé. Gọ́tà ti dí, ni àgbàrá bá yà wọ pálọ̀. Omi náà pọ́n bíi kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí, ọ̀rá kọfí sì ń léfòó lórí rẹ̀. Alàgbà ká ṣòkòtò, ó gorí tábìlì, ó ń kígbe.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú omi, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ gbé kọfí fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Mojí. Kọfí yín ti dé. Ṣé kí n fi ṣúgà sí i?"