Lékèélékèé Tó Dúró Lórí Egungun Ẹfọ̀n

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì bá mi dá àwọn tó ń pariwo lẹ́yìn yẹn lẹ́kun, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Èmi Ọdẹ́níyì tí ẹ ń wò yìí, tí irun ti funfun lórí mi, tí eyín sì ti ń dágbére fún mi, mo ti rí ẹ̀rù, mo ti rí ìyanu, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú Igbó Agbóhùn ba ọkàn mi jẹ́ títí di òní olónìí.

Ọdẹ́dìran ni ẹnìkejì mi nídìí iṣẹ́ ọdẹ. Bí a bá wọ igbó, òun ni ó máa ń tẹ koríko, tí yóò máa fi igi lu ewéko kiri kí ẹran lè ta jáde. Èmi a lúgọ síwájú, màá sì yìnbọn. Ẹran tí òun lé ni mo ń pa, èyí tí mo pa ni òun ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá ayé bọ̀ láti ìgbà èwe wa, kí ibà tó dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí à ń wa iṣu, tí kò sì dìde mọ́.

Ẹ mọ àṣà àwa ọdẹ. Bí ọ̀kan nínú wa bá kú, a gbọ́dọ̀ ṣípà ọdẹ fún un: ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni yóò ru àpò ọdẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀ lọ sí oríta igbó, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀, yóò sì sọ fún olóògbé náà pé ó ti kúrò lẹ́gbẹ́ wa, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Olúọdẹ wa ní èmi ni n ó rù ú, mo sì rù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé oríta, apá mi kọ̀, kò fẹ́ sọ̀ ọ́. Mo kọjá oríta náà tẹrùtẹrù, mo ń bá àpò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, títí mo fi bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà Igbó Agbóhùn, níbi tí gbogbo ohun abẹ̀mí ti ń fọhùn bí ènìyàn.

Iwin kan jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà ní àyà, ẹnu rẹ̀ wà ní ikùn, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn dé orúnkún. Ó ní ẹnìkan kì í dá wọ igbó tòun. Ó nawọ́ sí odò, mo rí ọ̀nì tó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, tí ẹyẹ kékeré kan ń ṣa ẹran tó há sí i léyín jẹ, tí ọ̀nì kò sì pa ẹnu dé. Ó nawọ́ sókè, mo rí àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń já èso, tí ìdajì rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ fún ẹtu, tí etí ẹtu náà sì ń gbọ́ ìrìn ẹkùn fún wọn. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, ẹnìkejì rẹ dà?"

Mo fi àpò hàn án. Ó wò ó pẹ́ títí, omi jáde lójú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú ẹnu ara rẹ̀, ó sì yà fún mi.

Mo rìn dé pápá kan tí koríko rẹ̀ ti gbẹ. Egungun ẹfọ̀n ńlá kan wà níbẹ̀, lékèélékèé kan sì dúró lórí egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ mọ ẹyẹ yìí, òun ni àwọn ọmọdé máa ń na èékánná sí bó bá ń fò kọjá. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ èyí ti rí bí aṣọ tí a kò fọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Mo béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ń dúró kí ọ̀rẹ́ òun dìde. Ó ní ẹ̀yìn ẹfọ̀n yìí ni ilé òun láti kékeré: eégbọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni òun ń ṣà jẹ, tata tí pátákò rẹ̀ bá lé jáde nínú koríko, oúnjẹ òun ni, bí ọdẹ bá sì ń bọ̀, òun a fò sókè, ẹfọ̀n a sì sá. Ó wò mí nígbà tó sọ ìyẹn, mo sì dorí kodò. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan ọ̀rẹ́ òun dùbúlẹ̀, kò sì ta pútú mọ́.

Mo ní agbo ẹfọ̀n mìíràn wà létí odò, pé eruku wọn ni mo ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn, kó lọ bá wọn kó jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo tilẹ̀ pè é ní òmùgọ̀, nítorí n kò lè máa wò ó kó kú lójú mi.

Ó ní, "Bàbá ọdẹ, ta lẹ gbé sínú àpò yẹn?"

Mo ní, "Ọdẹ́dìran ni."

Ó ní, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi náà á fò."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo kúnlẹ̀ lábẹ́ igi kan, mo tẹ́ fìlà, mo gbé àpò lé e, mo fi ọ̀bẹ tì í. Mo ní, "Ọdẹ́dìran, o ti kúrò lẹ́gbẹ́ wa. Máa lọ, ọ̀rẹ́ mi, má wẹ̀yìn." Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹyẹ náà ti ń fò, inú mi sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin Ọdẹ́dìran.

Ṣùgbọ́n kò dé odò. Ebi ti jẹ agbára rẹ̀ tán, ó já bọ́ sínú koríko. Mo sáré gbé e, kò wúwo rárá. Mo ju ìbọn mi sílẹ̀, mo wọ àárín àwọn ẹfọ̀n, èmi tí mo ń pa wọn, mo sì gbé e lé ẹ̀yìn ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀dọ́. Ẹfọ̀n náà kò mira, kò ju ìrù. Eégbọn kan wà níwájú ẹyẹ yìí gan-an, ẹyẹ náà kò sì lè la ẹnu ṣà á. A dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ẹfọ̀n náà ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù lẹ́yìn mi."

Mo gbé e padà, mo sì sin ín sáàárín egungun ìhà ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Àṣàkẹ́ ìyàwó mi kò bi mí níbi tí mo lọ. Ó gbé iyán síwájú mi bó ṣe ń gbé e láti ìgbà ìsìnkú, tí mo sì ń tì í sẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà mo bu òkèlè, omijé ń kán sínú ọbẹ̀, mo sì gbé e mì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, bí ẹni yín bá lọ, ẹ sunkún rẹ̀ títí ojú yín yóò fi wú, n kò ní bá yín wí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun.