Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Yí Hẹdifóònù Rẹ̀ Padà

Ọkùnrin kan wà ní Iléṣà tó jẹ́ pé etí rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Àwọn akọrin ìjọ máa ń gbé ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ wá fún un, yóò sì bá wọn tò ó. Ohùn tó lọ sókè jù, á fà á wálẹ̀. Ìlù tó bo orin mọ́lẹ̀, á ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀. Bó bá ṣe é tán, àwọn tó kọrin gan-an á máa bi ara wọn pé, ṣé àwa nìyí?

Ìṣọ̀lá, jókòó dáadáa. Àwọn àna rẹ ò ní sá lọ. Gbọ́ èyí ná.

Hẹdifóònù tó fi ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe irú èyí tí ò ń rí létí àwọn ọmọ iléèwé o. Awọ pẹlẹbẹ kan ló wà nínú tirẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n nà án sáàárín òòfà, gbogbo rẹ̀ á sì máa gbọ̀n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun olówó gọbọi ni. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn obìnrin tó ń léwájú nínú orin kan. Àárín gangan ló yẹ kéèyàn ti máa gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé olórin dúró síwájú rẹ. Ṣùgbọ́n ohùn náà tẹ̀ sí ọ̀tún. Kò tẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ó tẹ̀ ṣá. Ọkùnrin náà tún un gbọ́. Ó ní, "Awọ apá òsì ti dẹ̀." Ó ti dá hẹdifóònù lẹ́bi kó tó yọ ọ́ létí.

Owó tí ìyàwó rẹ̀ rò pé àwọn máa fi tún òrùlé ṣe, ó kó o, ó fi ra òmíràn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn nílùú òkèèrè. Owó èyí tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé, ó gbé méjèèjì sórí tábìlì, ó ń gbé èyí sétí, ó ń gbé ìyẹn sétí.

Ká sọ tòótọ́, méjèèjì ló dùn, adùn wọn ò sì jọra. Ti àkọ́kọ́ kún, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ki, akọrin á sún mọ́ ọ bí ẹni pé ẹ jọ jókòó lórí àga kan. Èkejì ò kún tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyè wà nínú rẹ̀. O lè fi ìka tọ́ka síbi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró sí. Wàá gbọ́ bí olórin ṣe mí kó tó lanu, wàá gbọ́ ẹni tó ṣí ìwé orin lẹ́yìn. Inú ọkùnrin náà dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfi ìgbà tí obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ohùn rẹ̀ tún tẹ̀ sí ọ̀tún.

Hẹdifóònù méjì, ilé iṣẹ́ méjì, ẹ̀sùn kan náà. Fi ìyẹn sọ́kàn, Ìṣọ̀lá. Ó dáa, ká máa lọ.

Ó wá kan Akínlabí, ọkùnrin tó máa ń bá a gba ohùn àwọn akọrin sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì níyàwó. Ó ní, "O ò gbé maikirofóònù síbi tó yẹ. Ọwọ́ yẹpẹrẹ lo fi ń mú iṣẹ́ báyìí."

Akínlabí ní, "Ẹ̀gbọ́n, àárín ló wà. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Ló bá fárígá. "Etí ta ni? Etí tìẹ lo fẹ́ fi wé tèmi?" Ó ní kó má wá sílé òun mọ́. Ó wá ti ohùn obìnrin náà sí òsì, ó ń tì í, títí tó fi bọ́ sí àárín létí tirẹ̀, ó sì fi orin ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin fi pè é. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ wa ṣe tí ẹ fi kó o lọ sí kọ̀rọ̀? Apá òsì nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, àjọ̀dún ìjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá ní ṣeé tún ṣe, ẹ sọ, ká gbé e lọ síbòmíràn."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Bí ìròyìn bá tàn pé kò gbọ́ orin dáadáa mọ́, kí ni yóò máa jẹ? Iṣẹ́ mìíràn wo ló mọ̀?

Ohun kan wà tó lè fi mọ òótọ́. Kò ju kó yí hẹdifóònù padà lọ, kó gbé apá ọ̀tún sí etí òsì, kó gbé apá òsì sí etí ọ̀tún. Bí àléébù bá wà lára hẹdifóònù tàbí nínú orin, ohùn á ṣí lọ sí òdìkejì. Bí kò bá ṣí ńkọ́? Ó mọ̀ pé etí òun ló kù nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọgbọ́n yìí. Ṣùgbọ́n bó bá ti nawọ́ sí i, á ní ó dìgbà tí òun bá pààrọ̀ wáyà. Ó pààrọ̀ wáyà. Á ní ó dìgbà tí òun bá pààrọ̀ tìmùtìmù tó ń kan etí. Ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Bí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, etí ọ̀tún ló ń dẹ sí wọn. Ara rẹ̀ ti mọ̀, òun ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ó dúró ní apá òsì rẹ̀, ó pè é, kò dáhùn. Ó bọ́ sí ọ̀tún. "Bàbá Ìyanu, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?"

"Kò sí."

"Ó wà. Ẹ kì í jẹun mọ́."

Ìgbà náà ló tó sọ ọ́, àti ìdánwò tó ń sá fún. Obìnrin náà ní, "Ẹ yí i níṣojú mi. Ohunkóhun tó bá jẹ́, á jẹ́ tàwa méjèèjì."

Ó yí ti àkọ́kọ́. Ohùn akọrin wà ní ọ̀tún, kò mira. Ó yí èkejì. Ọ̀tún náà ni. Ó gbé e sílẹ̀, ó sì sunkún.

Dókítà etí bi í pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún un. Dókítà ní, "Háà! Kí lẹ wá ń ṣe látìgbà yẹn?"

Ó ní, "Mò ń fi hẹdifóònù méjì wéra ni, sà."

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ní ó tètè wá ni, ó ṣeé ṣe kí oògùn gba gbogbo rẹ̀ padà. Ní báyìí, díẹ̀ ti lọ, èyí tó kù ni wọ́n máa dáàbò bò. Ọkùnrin náà kúrò níbẹ̀, ilé Akínlabí ló gbà lọ. Ó kanlẹ̀kùn títí kí wọ́n tó ṣí i fún un. Ó ní, "Etí mi ni. Jọ̀ọ́, wá bá mi gbọ́ ọ." Àwọn méjèèjì ló jọ tún orin ìjọ náà tò.

Ìṣọ̀lá, o ní kí n bá ọ lọ sílé àwọn àna rẹ, pé o fẹ́ dá ọmọ wọn padà, pé kì í gbọ́ tìẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó o kọ́kọ́ fẹ́, tó ti kó jáde, ohun tó o sọ nípa tiẹ̀ náà nìyẹn. Obìnrin méjì, ìyá ọ̀tọ̀, bàbá ọ̀tọ̀. Ohùn wọn ò jọra, ìwà wọn ò jọra, báwo wá ni ẹ̀sùn wọn ṣe jẹ́ ọ̀kan? Mi ò sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi, mi ò sí nínú yàrá yín. Mo ní kó o yí i wò ni. Gbogbo ohun tó o fẹ́ lọ sọ nípa rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀, sọ ọ́ nípa ara rẹ lákọ̀ọ́kọ́. Wí i síta, kí èmi náà gbọ́: "N kì í gbọ́ tirẹ̀. Á bá mi sọ̀rọ̀ títí, mi ò ní dá a lóhùn." Bí kò bá bá ọ mu, mo ṣe tán, a ó jọ lọ. Bó bá bá ọ mu, má wá mi wá mọ́. Obìnrin yẹn wà nílé láti àárọ̀, kò mọ̀ bóyá wọ́n máa lé òun lónìí. Lọ bá a.