Omi Tí Bàbá Yà Sọ́tọ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin àgbẹ̀ kan wà, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ gbọ́ mi, tí kò ní ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò tó ti di ẹrẹ̀ ni gbogbo ilé ń mu. Ọkàn bàbá ò gbà á kí ọmọ rẹ̀ mu ún. Ó wá kẹ́ẹ̀gì kan tó lágbára, èyí tí oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko oko wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi ọṣẹ àti yanrìn fọ̀ ọ́ títí kò fi rùn mọ́. Ó wá ń rìn jìnnà lọ pọn omi kànga sínú rẹ̀ fún ọmọ náà nìkan.

Kò pẹ́ tí inú fi ń run ọmọ. Ó ń bì. Bàbá se àgbo fún un, inú rírun ò dáwọ́ dúró. Ó se èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi wo ló fi sè é? Omi kẹ́ẹ̀gì náà ni o! Ta ló máa fẹ́ràn ọmọ, tí á fi omi ẹrẹ̀ se àgbo rẹ̀?

Nígbà tí ojú ọmọ jìn wọnú, jìnnìjìnnì bo bàbá. Ó pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń tọ́jú aláìsàn ní abúlé kejì. Ìyá náà ò fún un lóògùn kankan. Ó ní kó sinmi, kó máa mu ẹ̀kọ gbígbóná, kó máa mu omi tí gbogbo ilé òun ń mu. Ara ọmọ yá. Wọ́n padà sílé, àìsàn tún dé.

Bàbá gbé e padà lọ bá ìyá àgbà náà. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ fún un lóògùn! Ẹ má jẹ́ kí n sin ọmọ mi!"

Ìyá ní, "Èmi kọ́ ni mo wò ó sàn lẹ́ẹ̀kan. Ara rẹ̀ ló wo ara rẹ̀ sàn, nítorí ohun tó ń pa á ò sí níbí. Kí ló ń wọ ẹnu rẹ̀ nílé tí kì í wọ ẹnu àwọn yòókù?"

Kẹ́ẹ̀gì náà sọ sí bàbá lọ́kàn. Ó fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré lọ sílé, ó fi àdá la kẹ́ẹ̀gì náà. Ọmọ yè é, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Ìwọ Adélẹ́yẹ, o ní ikọ́ ọmọ rẹ ò gbọ́ àgbo tí mo fún ọ, kí n wá èyí tó le. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá lánàá. Fèrèsé ibi tí ọmọ ń sùn ni jẹnẹrétọ̀ yín ń tu èéfín sí. Mi ò fi àgbo dù ọ́. Ṣùgbọ́n oòrùn ti ń wọ̀. Kí ìyàwó rẹ tó tan jẹnẹrétọ̀ náà, dìde, lọ gbé e jìnnà sí fèrèsé ọmọ.