Kẹ̀kẹ́ Láṣebìkan

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Etí Láṣebìkan, káfíńtà kan ní Ṣakí, ti ń di díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba títì ńlá lọ sí ìsọ̀. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Ìyíọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn. Ẹ ò gbọ́ fèrè ọkọ̀ mọ́."

"Ojú mi ṣì ń ríran," ni ó fi dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ó yà fún kòtò, ó bọ́ sí àárín títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fun fèrè kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́. Awakọ̀ yí ọwọ́ ọkọ̀ kó má baà pa á, ó sì lọ pa Akínlàbí, ọ̀rẹ́ Láṣebìkan, tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Láṣebìkan kò gbọ́ ìró yẹn pàápàá. Ó ti dé ìsọ̀, ó ti ń rẹ́ igi, kí wọ́n tó wá mú un.

Ó fọ́ kẹ̀kẹ́ náà wómúwómú. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú opó Akínlàbí, ó ní, "Ẹ dárí jì mí." Ó rí i pé ètè obìnrin náà ń mì, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bóyá ó dárí ji òun ni, tàbí ó ń ṣẹ́ òun ní èpè.