Ẹjọ́ Lìílì ní Agbo Ilé Olókùúta

Ní ìlú Òkè-Àfọ̀n láyé àtijọ́, opó kan wà ní agbo ilé Olókùúta tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì ti lọ ń ṣe àgbẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ kò ju ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ìgbágbá àti ilá ló kún ibẹ̀. Ọgbà náà ló ń bọ́ ọ, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, òun ni kò sì jẹ́ kí ó di ẹni tí ń tọrọ iyọ̀ kiri ojúlé. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bí òótọ́ bá ti dé ẹnu rẹ̀, kódà kí ó jẹ́ iwájú ọba, yóò tú u jáde.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró a máa kó eérú kúrò nídìí ààrò, a sì máa kù ú sórí ewé àti sáàárín ebè kí kòkòrò má baà jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò wo ojú eérú, yóò mọ ẹni tó wá kí òun. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rèé, ti òkété rèé, ti adìẹ aláìlójútì rèé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ẹsẹ̀ kéékèèké kan tí kò mọ̀ rí, tó ń rìn láti ìdí ilá kan dé òmíràn bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà pàdé. Lìílì ni, ẹranko kékeré tó dà bí ọmọ òòrẹ̀, tí ẹ̀gún rẹ̀ kúrú tó sì nípọn. Bó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó ká jọ, ó di òkìtì ẹ̀gún sáàárín ewé. Àwẹ̀ró kò fi igi tọ́ ọ. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò ó. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀, lìílì yọ imú ṣóńṣó jáde, ó gbọ́ òórùn ìhín, ó gbọ́ òórùn ọ̀hún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kòkòrò tó ń ba ilá jẹ́. Kò fi eyín kan ewé kankan.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àlejò mi, máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹni tó bá mi jẹ kòkòrò, ó ti bá mi roko.”

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lánihùn ni ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yìí. Lánihùn ní adìẹ púpọ̀, ó sì ní ajá kan tó fẹ́ràn bí ojú. Ẹṣọ́rayín ló sọ ajá náà, nítorí pé ó gbà pé olè ni gbogbo aládùúgbò òun, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń pe ajá òun. Kò pẹ́ tí ẹyin fi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù nínú àgò adìẹ Lánihùn. Lónìí, méjì, lọ́túnla, mẹ́ta. Ó fura sí tọmọdé tàgbà, àfi ará ilé tirẹ̀.

Nígbà tó di àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, Lánihùn jáde, ó bá lìílì lẹ́nu àgò adìẹ. Èèrà ti bo èèpo ẹyin tó fọ́ níbẹ̀, lìílì sì ń lá èèrà, imú rẹ̀ kan omi ẹyin. Kí ni Lánihùn tún fẹ́ bi ẹnikẹ́ni? Ó fi apẹ̀rẹ̀ dé e mọ́lẹ̀, ó figbe ta pé ọwọ́ ba olè.

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ síwájú Baálé Ọyáwálé, olórí agbo ilé. Baálé jókòó sórí awọ ẹtu rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, tọkùnrin tobìnrin ilé pé jọ. Lánihùn rojọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní agbo ilé Olókùúta nígbà náà, òfin kan wà pé ẹni tí Baálé bá pè lẹ́ẹ̀mẹta níbi ẹjọ́ tí kò dáhùn ti jẹ̀bi. Òfin náà kò sọ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹranko, Baálé kò sì dúró rò ó.

Ó pè é, “Lìílì! Wọ́n ní ìwọ lo ń jẹ ẹyin Lánihùn. Kí lo rí sọ?”

Lìílì ká jọ sínú apẹ̀rẹ̀. Baálé pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ká sí i. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹṣọ́rayín dúró lé apẹ̀rẹ̀ lórí, ó ń kùn hùn-ùn hùn-ùn, itọ́ rẹ̀ ń kán sára lìílì.

Lánihùn wí pé, “Ẹ ò rí i bí? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bo ojú.”

Baálé mi orí. “Ó ti jẹ̀bi. Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹ pa á. Olè kì í sì í gbé láìní ará. Inú ọgbà Àwẹ̀ró ni ìbùba wọn. Ẹ dáná sun ọgbà náà.”

Gbogbo ohun tí Àwẹ̀ró ní láyé ni wọ́n fẹ́ dáná sun yìí. Ó kúnlẹ̀.

“Baálé, bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló sọ̀rọ̀ fún lìílì?”

“Èmi fúnra mi pè é lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ajá dúró lé e lórí, ẹ wá ń pè é! Bí ẹkùn bá dúró lé ẹ̀yin náà lórí, ẹnu wo lẹ ó fi jẹ́jọ́?” Ó yíjú sí Lánihùn. “Ìwọ náà, ẹ̀yìn tí mo wọ ilé yìí ni wọ́n bí ọ, ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́. Bí àrá bá sán, abẹ́ ìró mi lo máa ń kó orí sí. Olè lo jà nígbà náà?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Lánihùn gbé ojú sá. Ṣùgbọ́n Baálé kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó tó. Mo ti dájọ́.”

Àwẹ̀ró dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ó ní, “Ẹnu Lánihùn nìkan lẹ gbọ́. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìbáà jókòó sórí awọ ẹtu!”

Ẹnikẹ́ni kò tíì pe Baálé ní òṣìkà rí, áńbọ̀sì obìnrin ilé. Baálé ní títí ọjọ́ ọjà, èyí tó ku ọjọ́ mẹ́ta, kí Àwẹ̀ró wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ilé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, “Kí n bẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ohun tí mo sọ, mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí lìílì wà nínú àgbàlá tiyín, lábẹ́ ìkòkò tiyín, kí ẹ gbé òkúta lé e. Ẹ jẹ́ kí n máa kù eérú yí àgò adìẹ Lánihùn ká. Bí ẹyin kan kò bá sọnù títí ọjọ́ ọjà, ọwọ́ mi ni n ó fi tiná bọ ọgbà mi, n ó sì gbé ẹrù mi jáde láìwẹ̀yìn.”

Baálé gbà, nítorí ó dá a lójú pé olè ti wà lábẹ́ ìkòkò.

Ọjọ́ kìíní kọjá, ẹyin pé. Ọjọ́ kejì, ẹyin pé. Oko ni Lánihùn wà pẹ̀lú ajá rẹ̀ ní ọjọ́ méjèèjì, inú ahéré ni wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ro ìyẹn. Àwọn ìyàwó ilé tọ Àwẹ̀ró wá.

“Ìyá, ẹ bẹ̀ wọ́n jàre. Kí ni ìkúnlẹ̀ yóò yọ lára yín?”

“Òótọ́ ni yóò yọ,” ni ó dá wọn lóhùn. “Bí mo bá bẹ̀bẹ̀ lónìí, lọ́la, ọmọ ẹnìkan nínú yín ni wọn yóò pè lẹ́ẹ̀mẹta.”

Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró o, ẹ má jẹ́ kí a parọ́. Ṣùgbọ́n dípò kí ó di ẹrù, ọkọ́ ló gbé. Ó kọ ebè tuntun méjì, ó sì gbin ṣọkọ sí i, ní ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Lánihùn ti oko dé, ó bá a níbi tó ti ń bu omi sí i.

“Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ọgbà tí iná fẹ́ jó lọ́la lẹ ń bu omi rin?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kí iná náà lè rí iṣẹ́ ṣe.”

Ó kù eérú rẹ̀ yí àgò adìẹ ká gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, Lánihùn ti mú ìtùfù dání. Baálé dé pẹ̀lú àwọn àgbà ilé. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àgò adìẹ wò. Ẹyin méje ló wà níbẹ̀ lálẹ́ àná. Mẹ́rin ni wọ́n bá. Baálé ránṣẹ́ sílé kíákíá pé kí wọ́n ṣí ìkòkò wò. Ìròyìn dé pé lìílì wà níbẹ̀, ó ká jọ, òkúta sì wà lórí ìkòkò.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ eérú. Ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi, èékánná rẹ̀ sì hàn ketekete. Kò lọ sí ọ̀nà ọgbà rárá. Ó yí ẹ̀yìn ilé ká, ó sì gba ẹnu ọ̀nà Lánihùn wọlé. Wọ́n tọ̀ ọ́ dé ibẹ̀. Ẹṣọ́rayín nà gbalaja, àtẹ́lẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun fún eérú, èèpo ẹyin lẹ̀ mọ́ irun àgbọ̀n rẹ̀.

Ìtùfù jábọ́ lọ́wọ́ Lánihùn. “Ajá mi kẹ̀? Ajá tí mò ń fún lóúnjẹ?”

Àwẹ̀ró ní, “Má dá a lẹ́bi o! Baálé, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta ná. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀.”

Baálé kò mọ ìgbà tó pè é. “Ẹṣọ́rayín!” Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ajá dìde, ó gbó, ó sì ń ju ìrù. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé, ó ti dáhùn, kò jẹ̀bi! Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà kò lè mú un mọ́ra. Ibi tí òfin ìpè ẹ̀ẹ̀mẹta kú sí nìyẹn.

Àgbà kan sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Àwẹ̀ró létí pé kí ó ṣì kúnlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé Baálé ni Baálé.

“N kò kúnlẹ̀,” ni Àwẹ̀ró wí sókè. “Bí ọ̀rọ̀ náà bá dun ẹnikẹ́ni, kí ó wádìí ìdí rẹ̀.”

Baálé ṣí fìlà. “Ta ló ní kí ó kúnlẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi wọ̀ mí dé eegun. Ó bí mi nínú nítorí pé òótọ́ ni, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ilé lọ́jọ́ náà.” Ó yíjú sí gbogbo ilé. “Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó sórí awọ ẹtu Baálé lẹ́yìn mi, kí àwọn obìnrin ilé kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró sí i lójú. Bí kò bá lè gbà á, kí ó má jókòó.”

Àwẹ̀ró gbé lìílì sínú apẹ̀rẹ̀ padà sí ọgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe fún Baálé kan tẹ̀lé òmíràn ní agbo ilé Olókùúta, títí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá ògiri ilé wọn, tó di òwe lẹ́nu àwọn àgbà níbi gbogbo pé: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.