Ogún Alágbàṣe

"Ohun tí owó bá ṣe tì, ilẹ̀ ní ń gbé." Òwe yìí kì í kúrò lẹ́nu Láníyọnu oníṣòwò pákó. Owó kò sì tíì dójú tì í rí, àfi ìgbà tó fẹ́ fẹ́ Adùnbí, ọmọ àgbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi ń kó ẹ̀bùn ránṣẹ́, "ẹ ṣé" nìkan ni ọmọ náà ń dá a lóhùn.

Ní ìlú wọn, àfẹ́sọ́nà gbọ́dọ̀ kọ ebè fún bàbá ìyàwó. Láníyọnu gba ogún alágbàṣe, òun jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ lábẹ́ igi. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti parí.

Bàbá Adùnbí wo oko yíká. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ogún ọkùnrin ló kọbè fún mi lónìí. Èwo nínú yín ni kí n wá fún lọ́mọ?"

Àwọn alágbàṣe bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí ọkùnrin yìí ti wù mí nìyí: kò bínú. Ó bọ́ agbádá, ó yá ọkọ́, ó wá ilẹ̀ tó kù létí odò lọ. Títí di ìrọ̀lẹ́, ebè méje péré ló kọ, gbogbo rẹ̀ wọ́ bí ìrù ajá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó.

Adùnbí gbé omi wá fún un, ó rí ọwọ́ náà.

"Ẹ ò wá rí i," ó ní, "ohun tí owó ṣe tì tó wà nílẹ̀, ọwọ́ la fi ń gbé e."

"Ebè mi wọ́," ni Láníyọnu wí.

"Ẹ jẹ́ kó wọ́. Ẹ má sì ra iṣu ìdána wa lọ́jà o. Inú ebè méje yìí ni kí ẹ ti wà á."