Ẹni Tí Ń Wo Àpáta Funfun

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lórí òkè, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa wo àpáta kan lọ. Má rẹ́rìn-ín, àbúrò mi. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ̀mí èèyàn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òkè tí ìlú náà wà ga débi pé àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bàálù pàápàá ń jìyà rẹ̀. Yóò sá títí lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, bó bá sì gbéra tán, kò lè yára lọ sókè. Nítorí náà, kò sí bàálù tó lè gba orí àwọn òkè tó yí ìlú náà ká kọjá. Àlàfo kan ṣoṣo ló wà láàárín òkè méjì, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà jáde, ibẹ̀ sì há. Bàálù tó bá ti wọ ibẹ̀ kò ní àyè láti yí padà mọ́. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń fò, torí bí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ á tún fẹ́lẹ́ sí i, ìjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú àlàfo náà. Bẹ́ẹ̀, àárọ̀ yìí kan náà ni kùrukùru máa ń wá jókòó síbẹ̀.

Awakọ̀ kò lè rí àlàfo náà láti ibi tí bàálù ń dúró sí, torí gegele kan dí i lójú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba ọkùnrin náà síṣẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ni àpáta kan wà tí wọ́n kùn ní funfun. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí gegele kò dí i lójú, tó sì rí àpáta náà, ọ̀nà ti là nìyẹn. Yóò sọ ọ́ fún awakọ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, bàálù á gbéra. Bí kò bá rí i, bàálù á dúró, ì báà jẹ́ ọba ló jókòó sínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ yìí tí kò ṣì í rí. Àwọn ará ìlú ń yangàn pé ojú rẹ̀ lè ka ìyẹ́ lára àwòdì tó ń fò lókè. Ó gbádùn ìyìn yẹn gan-an. Èmi náà ì bá gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kì í ṣe lójijì. Àpáta náà kọ́kọ́ ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wá dà bíi pé wọ́n ta aṣọ bò ó, títí ó fi di pé funfun ni gbogbo ọ̀ọ́kán ń rí lójú rẹ̀, ojú ọjọ́ ì báà mọ́, kùrukùru ì báà bò ó. Ó yẹ kó sọ. Kò sọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ ọ́ fún, ìyàwó náà sì gbà láti máa bá a wò ó. Ní àràárọ̀, obìnrin yìí á gbé ẹ̀kọ mímu gbígbóná wá fún un níbi iṣẹ́, á dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà, á sì sọ ọ́ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá àpáta hàn tàbí kò hàn. Ọkọ á wọlé, á sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ bí ẹni pé òun ló rí i. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń yin obìnrin náà pé kì í jẹ́ kí ebi pa ọkọ rẹ̀. N kò lè bá a wí, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n ń pa, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Ní oṣù kan tí òjò pọ̀, obìnrin náà ṣàìsàn. Inú ló ń run ún. Ní ọjọ́ kẹta, nọ́ọ̀sì ìlú náà sọ pé iṣẹ́ abẹ ló máa gbà, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é lórí òkè níbẹ̀. Òjò ti gé ọ̀nà mọ́tò. Bàálù nìkan ló lè gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ni yóò sì gbà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n má fi falẹ̀, àmọ́ òun gbà pé ó ṣì lè mú un mọ́ra di ọ̀sán.

Bàálù kékeré kan wà nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ti ń gbé aláìsàn bọ̀, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí òkè. Funfun ló rí. Kò mọ̀ bóyá àpáta ni, kò mọ̀ bóyá kùrukùru ni.

Wo àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, àbúrò mi. Ẹni tó ń gé koríko pápá bàálù náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin tó gbé aláìsàn wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ríran. Ohun tó kù kò ju kó ní kí ẹnì kan bá òun wo àpáta yẹn, pé òun kò ríran mọ́. Ó sì lanu. Nọ́ọ̀sì náà sọ lẹ́yìn náà pé òun rí i tó lanu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ojú ló tì í. Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á bi òun pé láti ìgbà wo.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó rẹ̀ kọjá, obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Iyùnadé, ta ló bá yín wò ó?"

"Mo ti wò ó fúnra mi," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ó hàn."

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé kò rí nǹkan kan. Èèyàn yí wọn ká, ó sì lè pariwo, àmọ́ ó ti bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí fún ọdún méjì, kò mọ bí òun ṣe máa tú u lójú gbogbo wọn. Ó rọra tẹ ọwọ́ rẹ̀, ó ní kó má gbàgbé láti jẹun. Wọ́n sì gbé e wọlé.

Awakọ̀ béèrè lórí ẹ̀rọ bóyá bàbá rí àpáta. Bàbá ní òun rí i. Ẹni tó ń gé koríko gbọ́. Òun náà gbójú sókè, kò rí àpáta kankan, ó wá rò pé ojú tòun ni kò dára tó. Ó tẹ̀ ba, ó ń bá koríko rẹ̀ lọ.

Bàálù náà sá títí, ó gbéra, ó yí gba ẹ̀yìn gegele. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, kùrukùru ká kúrò. Ọ̀sán kò tíì pọ́n. Àpáta náà yọ síta gbangba, gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà sì rí i, wọ́n rí ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan ká ọwọ́ lérí. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà nìkan ló ń yí orí kiri láàárín wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?" ló ń bi wọ́n. "Ẹ sọ fún mi. N kò ríran."

Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, n kò sì ní sọ ìyókù ayé ọkùnrin náà fún ọ.

Má wo ilẹ̀, àbúrò mi. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Nígbà tí o bu omi fún mi lẹ́ẹ̀kan, mo rí bí ọwọ́ rẹ ṣe ń gbọ̀n. Mo rí i bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún tó kọjá náà, o sì fi í sápò, o ní òtútù ni. Ọ̀la ni àwọn ìyá máa gbé ọmọ wọn wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n á tò sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á sì ṣí itan ọmọ wọn fún ọ, torí pé ó ti pẹ́ tí o ti ń ṣe é dáadáa. Kò sí èyí tó máa wo ọwọ́ rẹ nínú wọn. Orúkọ rẹ ni wọ́n ń wò.

Lọ bá ọ̀gá rẹ kí wọ́n tó dé. Sọ fún un pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, kí ó fi ẹlòmíì sídìí abẹ́rẹ́. Ojú á tì ọ́, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí kò bá ṣe é dá lọ, rán mi létí láàárọ̀, màá wọ bàtà mi, màá sì bá ọ lọ. Màá dúró tì ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ọ sọ ọ́. Ẹnu ara rẹ ni kí o fi sọ ọ́.